Obì, Ọmọ Mẹ́ta àti Àṣẹ Àbójútó: Àkọsílẹ̀ Ẹjọ́ Ìyá Kan ní Rẹ́mọ

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún tó kọjá, ní àsìkò tí obì gbànja máa ń pọ̀ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, obìnrin kan wá bá èmi agbẹjọ́rò ní ọ́fíìsì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó mú ìwé olójú méjì kan lọ́wọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ní kí n jọ̀ọ́ bá òun ka ohun tí ilé-ẹjọ́ ní kí òun máa ṣe. Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyẹn tí ìwé náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tẹ̀ka sí i, onídùúró rẹ̀ náà ti buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un ju pé kí ó máa hùwà dáadáa, kí ó sì máa wá ní Ọjọ́bọ̀ lọ. Nígbà tí mo ka ìpínrọ̀ kẹta, mo dìde dúró. Ìwé náà ní kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní Ìperù láìgba ìwé àṣẹ. Bí ó ṣe wọ ọkọ̀ wá bá mi láti béèrè ohun tí ó wà nínú ìwé náà, ó ti rú u.

Mo ní kí ó padà sílé lójú ẹsẹ̀, èmi sì lọ bá a nílé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí ni bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ láti ọjọ́ yẹn títí dé ibi tí ó dé. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-ẹjọ́ tàbí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìyá Olóbì ni n ó máa pè é, nítorí obì ni iṣẹ́ rẹ̀, obì náà ni ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni, opó ni pẹ̀lú. Ọmọ mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un: obìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó wà ní kíláàsì kẹta ní girama kékeré, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti àbíkẹ́yìn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó máa ń wọ àwọn abúlé tó yí Ìperù ká lọ ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, yóò bó o, yóò fọ̀ ọ́, yóò ṣà á, yóò fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n kí obì má baà gbẹ, lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ sí Ṣágámù fún àwọn oníṣòwò Hausa tó ń kó o lọ sí òkè ọya. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè jókòó sójú kan ṣe. Bí a kò bá lọ sóko, a kò ní rí ọjà. Bí a kò bá tú agbọ̀n wò lóòrèkóòrè, kòkòrò yóò wọ inú rẹ̀, ohun tó jẹ́ owó lánàá yóò di ohun tí a ń dà sí ààtàn.

Ọ̀ràn tó gbé e dé ilé-ẹjọ́ kò ṣòro láti sọ, òun náà kò sì sẹ́. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà jẹ ẹ́ ní owó láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí ó lọ béèrè owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ariwo, ìbínú sì ru bò ó lójú, ó da agbọ̀n obì mẹ́ta tí obìnrin náà ti ṣà sínú ẹrẹ̀, ó sì la fóònù ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n sì fi ẹ̀sùn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba dúkìá jẹ́ kàn án. Kò ní agbẹjọ́rò. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun jẹ̀bi.

Mo fẹ́ sọ ohun rere tí adájọ́ májísíréètì náà ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìkà ni. Ó lè ní kí obìnrin náà san owó ìtanràn tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n, ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń parí síbẹ̀. Dípò èyí, ó wò ó pé kò tíì dé ilé-ẹjọ́ rí, pé ó ní ọmọ kéékèèké, ó sì fi í sílẹ̀ lábẹ́ àbójútó fún ọdún méjì láìdá a lẹ́bi. Àṣẹ yìí ni àwọn lọ́yà ń pè ní probation. Àṣẹ àbójútó ni n ó máa pè é. Wàhálà tó wà níbẹ̀ wá láti inú ohun tí wọ́n so mọ́ àánú náà.

Ìwé náà ní kí ó máa farahàn níwájú òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan, ọkùnrin, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ rékọjá ààlà ìlú tí ó ń gbé láìgba ìwé àṣẹ, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ọjà kankan. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí ọdún méjì náà yóò fi pé. Ó ní kí ó san ₦85,000 fún obìnrin tí ó ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú, kí ó sì san ₦40,000 owó ẹjọ́, kí gbogbo rẹ̀ wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí kò bá rí i san, kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Yàtọ̀ sí ohun tí a kọ, ohun kan wà tí a kò kọ: ní ọ́fíìsì tí ó ti ń farahàn, akọ̀wé kan ń gba ₦1,000 lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é ní owó fáìlì, kò sì sí rìsíìtì.

Kí n tó máa tọ́ka sí òfin, ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí tí mo ń tọ́ka sí. Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀ràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 kò de ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ní tààrà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, Ògùn náà sì ti ṣe tirẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ kan náà. Àwọn abala tó kan àṣẹ àbójútó pàápàá kì í ṣe tuntun, wọ́n ti wà nínú òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀ràn àtijọ́ kí òmìnira tó dé. Nọ́ńbà tí n ó máa pè, ti òfin ọdún 2015 ni, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lè tètè rí.

Abala 454 ní kí ilé-ẹjọ́ wo ìwà ẹni náà àtẹ̀yìnwá, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlera rẹ̀, bí ọ̀ràn náà ti kéré tó, àti ohun tó lè mú kí a fi ojú àánú wò ó. Bí ó bá rí i pé ìyà kò yẹ ẹ́, ó lè dá a sílẹ̀ lórí àdéhùn pé yóò hùwà rere fún àkókò tí kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Ọdún méjì tí wọ́n fún Ìyá Olóbì wà láàárín èyí, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Abala 455 ló sọ ohun tí a lè so mọ́ àdéhùn náà. Ó ní ẹni tí yóò máa ṣe àbójútó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Ó ní ilé-ẹjọ́ lè fi ohun mìíràn kún un nípa ibi tí ẹni náà yóò máa gbé, nípa ọtí àti oògùn, àti nípa ohunkóhun mìíràn tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó pọn dandan, lẹ́yìn tí ó bá ti wo bí ọ̀ràn náà ti rí gan-an, kí ẹni náà má baà tún dá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tàbí òmíràn. Ó sì ní kí a fún un ní ìwé tí ó sọ gbogbo ohun tí yóò máa ṣe ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn.

Òṣùwọ̀n tí mo fi wọn ìwé Ìyá Olóbì ni ti inú abala yẹn: ohun tí ó pọn dandan kí ọ̀ràn má baà tún ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ohun tó wu ilé-ẹjọ́, kì í ṣe ohun tó dára lójú ènìyàn. Ó yẹ kí ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ béèrè bóyá ohun kan pọn dandan bẹ́ẹ̀, kí ó tó jẹ́ kí ó wọ inú ìwé.

Ẹ wo ti ọjà àti ti ààlà ìlú. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ jẹ́ ìjà láàárín ènìyàn méjì, lórí gbèsè kan, ní ìsọ̀ kan. Bí ilé-ẹjọ́ bá ní kí ó má ṣe dé ìsọ̀ obìnrin yẹn, kí ó má sì bá a sọ̀rọ̀ owó bí kò bá sí ẹlòmíràn níbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ yóò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà kankan? Ìperù ní ọjà, Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjà, Ìlíṣàn ní ọjà. Obìnrin tí ó bá a jà kò sí ní èyíkéyìí nínú wọn. Oko tí ó ti ń ra obì kò sí láàárín ìgboro. Ẹni tí a bá so mọ́ ìgboro, tí a sì ní kí ó má dé ọjà, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì tún ń dúró de ₦125,000 lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Òfin kan náà, ní abala 457, sọ pé ojúṣe òṣìṣẹ́ àbójútó ni láti gba ẹni náà nímọ̀ràn, láti ràn án lọ́wọ́, láti bá a ṣe ọ̀rẹ́, àti láti gbìyànjú láti bá a rí iṣẹ́ tó yẹ. Báwo ni òfin tí ó ní kí a wá iṣẹ́ fún ènìyàn yóò ṣe jẹ́ òfin tí a ó fi gba iṣẹ́ tó ní?

Ti Ọjọ́bọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀ tí ẹni tí kò bá tajà lè má rí. Ọjà ọrọọrún kì í bá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rìn. Ọjọ́ tí ó bá bọ́ sí lọ́sẹ̀ yìí kọ́ ni yóò bọ́ sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà kò pẹ́ kò jìnnà, Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ ọjà yóò pàdé. Bí ó bá lọ sí ọjà, ó ti sá fún àbójútó. Bí ó bá lọ sí àbójútó, ọjọ́ ọjà ti lọ. Kò sí ẹni tó bi í léèrè kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ti àwọn ọmọ ni ó dùn mí jù. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ti wá kó wọn. Bàtà àbíkẹ́yìn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tí ó wà ní kíláàsì ìdánwò ti fi ilé-ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní àárín táàmù, kò sì tíì rí òmíràn wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo wá inú fáìlì bóyá òṣìṣẹ́ kankan ti ṣe ìwádìí pé ìyá yìí ń na àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìnàkunà, tàbí pé kò fún wọn lóúnjẹ, tàbí pé ìjà ọjà náà ti wọ inú ilé. Kò sí ìlà kan. Ẹnìkan kàn rò pé obìnrin tó lè da agbọ̀n obì ẹlòmíràn nù kò yẹ kó máa tọ́ ọmọ.

Òfin kò fi ọmọ sílẹ̀ fún èrò bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ògùn náà ti sọ di òfin ìpínlẹ̀, fi ire ọmọ ṣe ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ wò nínú gbogbo ohun tó bá kan ọmọ. Abala 14 rẹ̀ ní ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ààbò òbí, a kò sì gbọdọ̀ yà á kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́, àfi nítorí ẹ̀kọ́ àti ire rẹ̀, tàbí nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá dá ẹjọ́ náà ní ìlànà òfin yẹn, fún ire ọmọ náà. Ilé-ẹjọ́ ẹbí ni òfin náà gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún, níbi tí a ó ti gbọ́ ti ọmọ, tí wẹ́fíà yóò sì ti mú ìwádìí wá. Adájọ́ tí ẹ̀sùn agbọ̀n obì wà níwájú rẹ̀ kò lè gba ẹ̀yìn àṣẹ àbójútó yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́ta tí kì í ṣe ara ẹjọ́ rárá.

Mo ti ń gbọ́ ìbéèrè tí àwọn òbí mìíràn yóò béèrè: bí ọmọ gan-an bá ni ó ṣẹ̀ ńkọ́, ṣé òbí ni yóò sanwó? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé gbà pé ilé-ẹjọ́ lè ní kí òbí san owó ìtanràn, owó gbà-máà-bínú tàbí owó ẹjọ́ dípò ọmọ, ṣùgbọ́n ó wo bóyá àìbìkítà òbí náà ló ṣí ọ̀nà fún ọ̀ràn ọmọ, kò sì gbọdọ̀ pàṣẹ bẹ́ẹ̀ láìfún òbí ní àyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Òbí tí ó ti sa gbogbo ipá rẹ̀ ní ohun tí yóò sọ níwájú adájọ́, kí ó sì sọ ọ́.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ owó. Abala 454 fún ilé-ẹjọ́ láyè láti fi owó gbà-máà-bínú àti owó ẹjọ́ kún àṣẹ àbójútó, ṣùgbọ́n iye tí ó bá ojú mu ni. N kò bá ₦85,000 jà. Obì agbọ̀n mẹ́ta kì í ṣe ohun kékeré ní àsìkò yẹn, fóònù ni owó, obìnrin tí wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ náà ní ọmọ tí ó ń bọ́, ó sì yẹ kí a dá nǹkan rẹ̀ padà fún un. Ohun tí mo bá jà ni ọgbọ̀n ọjọ́, ₦40,000 tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, àti ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ de ẹni tí wọn kò tíì dá lẹ́bi. Bí ẹnìkan bá rú àṣẹ àbójútó, abala 459 sọ ọ̀nà tí a ó gbà: ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò búra sí i níwájú ilé-ẹjọ́, a ó pe ẹni náà, a ó gbọ́ tirẹ̀, nígbà náà ni ilé-ẹjọ́ yóò tó lè dá a lẹ́bi kí ó sì fún un ní ìyà fún ọ̀ràn àkọ́kọ́. Ẹ̀wọ̀n tí yóò ṣí ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n fo gbogbo èyí, ó sì fo abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, tí ó ní kí a gbọ́ ti ènìyàn kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Ti owó fáìlì ni kíákíá: kò sí òfin tó bí i. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọdún méjì ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. ₦1,000 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan yóò di ₦104,000, ó ju owó gbà-máà-bínú tí adájọ́ dá fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ. Ìyá Olóbì san án lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, kò ní i lọ́wọ́, akọ̀wé náà sì ní kí ó padà lọ wá a wá. Nígbà tí mo wo ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pé kò wá.

Ìlà kan yẹn ló mú ọlọ́pàá dé ilé ìyá tó bí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí ó ti wá bá mi, wọ́n lọ bá màmá náà, arúgbó tí ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, wọ́n ní bí ọmọ rẹ̀ kò bá jáde, òun ni àwọn yóò mú. Ìyá Olóbì pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, wọ́n fẹ́ mú màmá mi." Mo bá ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo sọ fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé abala 36 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, àti abala 7 nínú òfin ọdún 2015, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí a ń wá, pé ẹni tí wọ́n ń wá wà nílé rẹ̀, àti pé ilé-ẹjọ́ kò tíì fi ìwé pè é. Wọ́n lọ. Mo gba gbogbo òbí tó bá ń ka èyí nímọ̀ràn pé kí wọ́n mọ abala méjèèjì yìí sórí.

Nígbà tí ó kan ọ̀nà tí a ó gbà tún àṣẹ náà ṣe, mo rò pé ìwé ìbéèrè lásán láti ọwọ́ mi yóò tó. Abala 458 kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ó fún ilé-ẹjọ́ ní agbára láti yí ohun tó wà nínú àdéhùn padà, láti gé àkókò rẹ̀ kúrú tàbí láti fà á gùn níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kọjá ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ àbójútó ni òfin náà dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò mú ìbéèrè wá. Ọ̀nà kejì ni kí a pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga, èyí sì lè gba oṣù púpọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nítorí náà mo lọ bá òṣìṣẹ́ wẹ́fíà náà. Mo lérò pé yóò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Lọ́yà, èmi náà ti sọ fún wọn pé kò yẹ kí wọ́n fi obìnrin yìí sí abẹ́ mi. Ẹ kọ ọ́, n ó búra sí i." Ó gbé ara rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó rí àwọn ọmọ, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ láìfi bò: àkọ́bí kò sí ní ilé-ìwé, àbíkẹ́yìn kì í jẹun dáadáa, ẹbí bàbá wọn pàápàá ní agbára àwọn kò gbé e.

A dé iwájú adájọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Ọ̀pẹ. Mo ka àwọn abala tí mo ti kọ sókè yìí, mo sì bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó jẹ́ kí n tọ́ka sí ẹjọ́ méjì láti Amẹ́ríkà, kì í ṣe pé wọ́n de ilé-ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n nítorí pé ìrònú inú wọn wúlò. Àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ Bearden àti ìpínlẹ̀ Georgia, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá ní ọdún 1983. Wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ lábẹ́ àbójútó, wọ́n ní kí ó san dọ́là 500 owó ìtanràn àti dọ́là 250 fún ẹni tí ó ṣẹ̀. Ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ ni ó ti yá dọ́là 200 tí ó kọ́kọ́ san. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀wé kà, kò rí òmíràn, wọ́n sì fagi lé àbójútó náà, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò tọ́: kí a kọ́kọ́ wádìí ìdí tí kò fi san án, bí ó bá sì ti sa ipá rẹ̀, kí a wá ọ̀nà mìíràn kí a tó ronú ẹ̀wọ̀n. Èkejì ni ẹjọ́ ìyá kan ní Mississippi, tí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ jẹ́ M.L.B. Wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òbí lórí ọmọ méjì, nígbà tí ó sì fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ san dọ́là 2,352.36 fún títẹ àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà. Ní ọdún 1996, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní a kò lè fi àìlówó dí ọ̀nà mọ́ òbí nínú ẹjọ́ tí yóò sọ bóyá ọmọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Adájọ́ náà fetí sílẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Olóbì fúnra rẹ̀, nípasẹ̀ ògbufọ̀, iye tí ó ń rí nínú oṣù tí obì bá pọ̀ àti nínú oṣù tí kò bá sí. Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà, tí ẹnìkan béèrè. Ó dáhùn láìfi kún un: nígbà tí ọjà bá dára, kì í ju ₦40,000 lọ lóṣù, nígbà mìíràn kì í tó ìdajì. Iye yẹn kò tó owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024, ìyẹn ₦70,000, ó sì túmọ̀ sí pé ó lè béèrè fún agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń rí sí èyí, láti ọjọ́ kìíní tí ó ti dá nìkan dúró níwájú ilé-ẹjọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, adájọ́ yí àṣẹ náà padà. Ó yọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kúrò pátápátá. Dípò ọjà gbogbo àti ààlà ìlú, ó ní kí ó má dé ìsọ̀ olùfisùn. Ó fi òṣìṣẹ́ obìnrin rọ́pò ọkùnrin, ó sì sọ ìfarahàn di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà. ₦85,000 dúró bó ti wà, ṣùgbọ́n kí ó máa san ₦5,000 lóṣù, lọ́dọ̀ kíláàkì ilé-ẹjọ́, kí ó sì máa gba rìsíìtì. Owó ẹjọ́ di ₦10,000, lẹ́yìn tí ó bá ti san ti olùfisùn tán. Ó fagi lé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta náà. Mo tún bẹ̀bẹ̀ pé kí ọdún méjì di ọdún kan. Ó kọ̀, n kò sì rò pé ó ṣì í ṣe. ₦2,000 owó fáìlì kò padà wá. Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé béèrè rìsíìtì rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ti gba á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Agbọ̀n mẹ́rin ni kòkòrò ti jẹ láàárín oṣù méjì tí kò fi lè jáde. Ọmọbìnrin rẹ̀ pàdánù ìdánwò táàmù kìíní, ilé-ìwé sì gbà á padà. Àbíkẹ́yìn kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jáde lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nítorí pé òfin ní kí ìwé náà wà ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn, mo túmọ̀ àṣẹ tuntun náà sí Yorùbá, òṣìṣẹ́ àbójútó sì buwọ́ lù ú. Ọmọbìnrin náà ló kà á sókè fún ìyá rẹ̀ nínú yàrá, èmi àti màmá àgbà jókòó. Nígbà tí ó kà á tán, Ìyá Olóbì ní kí ó tún ìlà tó sọ nípa ọjà kà. Ọmọ náà tún un kà. Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ọjà. Kí agogo méje tó lù, ó ti wà ní Ṣágámù, ní ìsọ̀ tí ó jìnnà sí ti obìnrin yẹn, ó ń tú ewé kúrò lórí agbọ̀n.